Òfì mẹ́fà, ahunṣọ méjì: ta ni yóò jókòó ti iṣẹ́ àwọn bàbá wa?



Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, bí a ti kírun tán, mo tẹ̀lé bàbá kan dé àgbàlá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn níhìn-ín. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òfì ni ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, òfì ni ó fi kọ́lé, òfì náà ni ó fi lọ sí Mẹ́kà. Òfì mẹ́fà ni ó wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo tún wọn kà. Méjì péré ni ènìyàn jókòó tì. Aláǹtakùn ti takùn sí ara mẹ́rin yòókù. Mo ní, “Bàbá, àwọn ọmọ yín dà?” Ó mi orí, ó ní, “Àáfà, wọ́n ti lọ gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn. Wọ́n ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tí ojú rẹ̀ là.”

Mo délé, n kò lè jẹun. Ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbo ilé kan. Ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn ni, ọ̀rọ̀ Ṣakí ni, ọ̀rọ̀ Òkèhò, Ìgbòho àti Kíṣí ni. Bí a bá sì wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ rò ó lónìí.

Bí ó bá ṣe pé aṣọ òkè kò ní oníbàárà mọ́ ni, à bá gbà pé ayé ti yí, a ó sì wá nǹkan mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbéyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò wá aṣọ òkè? Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń ránṣẹ́ wá sílé nítorí rẹ̀. Ọjà ń bẹ. Ọwọ́ tí yóò ṣe é ni ó ń tán lọ. Bí ọwọ́ ọmọ Ìsẹ́yìn bá sì kúrò níbẹ̀, ṣé ẹ rò pé ọjà yóò dúró dè wá? Aṣọ tí ẹ̀rọ hun ní òkè òkun, tí wọ́n ṣe bí aṣọ òkè, ti wà ní ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Ẹni tí kò bá tètè ṣe tirẹ̀, ẹlòmíràn yóò bá a ṣe é, yóò sì tún tà á fún un.

Àwọn onímọ̀ ayé òde òní gbà pé ohun tí ó ń sọ orílẹ̀-èdè di ńlá kì í ṣe kìkì ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Agbára tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní láti dá àrà tuntun ni: láti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, tàbí láti ṣe ohun àtijọ́ lọ́nà tí ó dára jù ti àtẹ̀yìnwá. Àjọ àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní WIPO. Ìlú Geneva ni ibùjókòó rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àjọ yìí máa ń to àwọn orílẹ̀-èdè ní ipò, bí tíṣà ti í to ọmọ kíláàsì, láti fi hàn ẹni tí ó mọ àrà í dá jù. Ní 2024, orílẹ̀-èdè 133 ni wọ́n tò. Ipò 113 ni Nàìjíríà wà. Switzerland ni ó gba ipò kìíní, láti 2011 ni ó sì ti ń gbà á láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni Switzerland ní? Kò ní epo rọ̀bì. Kò ní etí òkun. Òkè gíga ni ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, òtútù sì mú gan-an níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́ta tí ó bá jáde ní ilé-ìwé ọ̀ranyàn, bí méjì nínú wọn ni ó ń lọ kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n kùnà ìdánwò ni wọ́n fi lọ. Ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì tí ó kù, ilé-ìwé iṣẹ́ ni yóò lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ ìṣirò, àwòrán iṣẹ́, àti ìdí tí ohun tí ó ń ṣe fi ń rí bí ó ti ń rí. Bí ó bá parí, ìjọba yóò dán an wò, yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà mọ̀. Bí ó bá tún wù ú láti lọ sí ilé-ìwé gíga lẹ́yìn èyí, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un. Jámánì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fi òfin dè é láti 1969.

Ṣé ẹ rí i pé ohun tí wọ́n fi ń ṣíwájú ayé kò jìnnà sí ohun tí àwa náà ń ṣe? Àwa náà ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Àwa náà ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un bí ó bá parí, a ó pa ẹran, a ó se ìrẹsì, ọ̀gá yóò sì ṣàdúrà fún un. Kí ni a fi yàtọ̀? Ní tèmi, mo rí ohun mẹ́ta. Tiwa kò ní ọjọ́ ilé-ìwé nínú. Tiwa kò ní ìwé ẹ̀rí tí ẹni tí kò mọ ọ̀gá náà yóò gbàgbọ́. Ẹ̀kẹta ni ó sì burú jù: lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bi ọ̀gá léèrè pé, “Kí ló dé tí a fi ń ṣe é báyìí?”

Àwọn bàbá wa kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ àrà í dá. Kòkòrò inú igbó ni ó ń pa òwú tí wọ́n fi ń hun sányán. Ta ni ó kọ́kọ́ wo ilé kòkòrò lára igi tí ó ní, “Èyí yóò di aṣọ ọba”? Sẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tripoli lórí ràkúnmí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn bàbá wa gba òwú àjèjì, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìní Yorùbá. Ẹtù náà, ẹ wo iye ìgbà tí wọn yóò rẹ òwú sínú aró kí ó tó dúdú bí ara ẹyẹ ẹtù. Nígbà tí òwú tí ń dán dé lẹ́yìn òmìnira, kò pẹ́ tí ó fi wọ inú òfì wa. Àrà kì í ṣe àjèjì ní Ìsẹ́yìn. Àwa ọmọ ìkẹyìn ni a jókòó lé ohun tí wọ́n bá sílẹ̀, tí a ń pe ìjókòó náà ní àṣà.

Ẹ gbọ́ ìtàn ahunṣọ kan. Ní 1867 ni wọ́n bí Sakichi Toyoda ní orílẹ̀-èdè Japan. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, abúlé ni wọ́n ń gbé. Ọmọ yìí ń wo ìyá rẹ̀ bí ó ti ń fi òfì ọwọ́ hun aṣọ tọ̀sán-tòru, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú òfì palẹ̀, ó ń tò ó padà. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ kò pé. Bàbá rẹ̀ pàápàá kò fẹ́ ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba Japan ti ṣe òfin kan ní 1885 tí ó dáàbò bo ẹnikẹ́ni tí ó bá dá àrà, kí ẹlòmíràn má baà jí i. Ní 1891 ni ó gba ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin yìí fún òfì onígi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo lò. Kò dúró níbẹ̀. Ní 1924, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ parí òfì ẹ̀rọ kan tí ó ń pààrọ̀ ọ̀kọ̀ òwú fúnra rẹ̀ láìdúró, tí ó sì ń dúró fúnra rẹ̀ bí fọ́nrán òwú kan bá já. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ti ń ta ẹ̀rọ ìhunṣọ fún gbogbo ayé, ni ó wá san owó láti ra ẹ̀tọ́ àrà yìí. Ọmọ rẹ̀, Kiichiro, bẹ̀rẹ̀ sí wádìí iṣẹ́ mọ́tò. Ní 1937 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò Toyota sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì Toyota láti Ìsẹ́yìn lọ ná ọjà Ṣakí, ẹ mọ̀ lónìí pé inú òfì ni ọkọ̀ tí ó ń gbé yín ti jáde wá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, ìtìjú mú mi, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ẹni tí yóò bá wí fún ará ìlú, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wí fún ara rẹ̀.

Ìdí òfì bàbá mi ni wọ́n bí mi sí. Kéwú ní òwúrọ̀, òfì ní ọ̀sán, bí a ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìlú yìí nìyẹn. Títí di òní ni mo ní òfì ní àgbàlá mi lẹ́bàá ilé-kéwú. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ òrukàn, tí ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé a máa ń na òwú sílẹ̀ gbọọrọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, a ó sì fi ẹrù òkúta fà á le. Nítorí náà ìta gbangba ni a ń nà á sí. Bí òjò bá dé, gbogbo wa yóò ká òwú, a ó sì sá wọlé, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ yìí gbẹ́ igi róbótó kan, ó fi í sí iwájú òfì, ó ń ká òwú mọ́ ọn lára, kí a baà lè máa hunṣọ nínú yàrá nígbà òjò. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Àáfà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó.”

Ẹ̀yin ará, n kò wò ó. Mo ní, “Ṣé ìwọ ni o fẹ́ kọ́ bàbá mi níṣẹ́?” Mo mú igi náà, mo sọ ọ́ sí abẹ́ ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹ̀kọ. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó parí oṣù náà, ó dágbére, ó lọ. Wọ́n ní Èkó ni ó wà, pé ọkọ̀ ni ó ń wà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo wá rí òfì onígi kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí igi róbótó wà níwájú rẹ̀ bí èyí tí mo dáná sun. Òjò ọjọ́ náà ń rọ̀, ó sì ń hun aṣọ rẹ̀ nínú yàrá.

Ọlọ́hun ni ó dá òye sí ọmọ náà lórí, èmi ni mo fi iná sun ún. Ọmọ mélòó ni àwa ọ̀gá ti lé lọ bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ògùn? Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ní Ṣakí, ọ̀gá mẹkáníìkì ní Òkèhò, ìyá aláró, ìyá elépo òrí, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀.

N kò ní di ẹrù náà lé àwa ọ̀gá nìkan lórí. Ìjọba náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ọmọ yóò kọ́ ìwé, yóò sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Ètò tí ó dára ni. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Nígbà tí ó kan àwa ní ilé-ìwé tí mo lọ, nínú àpótí onígi ni àwọn ẹ̀rọ náà wà. Orí àpótí ni a ń jókòó sí tí a ń jẹ ẹ̀pà nígbà ìsinmi. Kò sí iná tí yóò gbé ẹ̀rọ, kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Mo kúrò ní ilé-ìwé náà lọ sí ilé-kéwú gíga láìtíì ṣí àpótí kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé káàkiri Nàìjíríà. Owó ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ronú nípa ènìyàn tí yóò lò ó.

Ẹ tún wo ìdídò ńlá Ikere Gorge tí ó wà lórí Odò Ògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn wa níhìn-ín. Ní ayé ìjọba Alhaji Shehu Shagari ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní yóò fún oko ní omi, yóò sì fún wa ní iná mànàmáná. Omi kún, adágún ńlá dúró, àwọn apẹja dé. Ṣùgbọ́n ọdún gorí ọdún, ìjọba lọ, ìjọba dé, iná náà kò tàn. Bí a bá ti kọ́ ọmọ wa ogún ní iṣẹ́ ẹ̀rọ omi láti ìgbà náà, ṣé a kò ní ní ẹni tí yóò máa tẹnu mọ́ ọn, tí yóò sì mọ ohun tí ó kù láti ṣe?

Owó ìkọ́ṣẹ́ pàápàá wà nínú òfin. Láti 1971 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ ITF sílẹ̀. Òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń san fún òṣìṣẹ́ sí àpò àjọ náà, kí wọ́n fi kọ́ òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ahunṣọ tí ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì lábẹ́ àtíbàbà kò sí nínú ìwé wọn. Káfíńtà kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti ń kọ́ṣẹ́. Bí omi bá ń ṣàn tí kò dé ibi tí èso wà, kí ni àǹfààní rẹ̀ fún èso?

Ẹ̀yin obìnrin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ kan yín báyìí. Igi òrí pọ̀ nínú ọ̀dàn wa láti Ṣakí títí dé Kíṣí. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó èso òrí tútù tí a kò tíì ṣe lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, sọ nígbà náà pé bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún òrí gbogbo ayé ni ó ń ti Nàìjíríà wá, ṣùgbọ́n ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ohun tí ó ń kàn wá nínú owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ọwọ́ wa ni ẹrù wà, àpò ẹlòmíràn ni èrè ń lọ.

Òfin lè dí ibodè. Òfin kò lè po òrí. Ẹ̀yin ìyá wa mọ iṣẹ́ náà: ẹ ó ṣa èso, ẹ ó bọ̀ ọ́, ẹ ó sá a, ẹ ó pa á, ẹ ó yan án, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí òrí yóò fi funfun, ẹ ó sì tún sè é kí epo rẹ̀ lè yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi òrí ṣe ìpara ní òkè òkun yóò bèèrè ohun mìíràn. Ṣé èso náà ti hù kí ẹ tó bọ̀ ọ́? Ṣé ó gbẹ dáadáa, tàbí ó ti bu? Ṣé èéfín wà nínú rẹ̀? Èso tí ó hù tàbí tí ó bu ni ó ń mú kí òrí tètè kan. Èyí kì í ṣe ohun tí ojú nìkan lè rí. Ó ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin kan tí ó mọ bí a ti ń po òrí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ó sì tún kọ́ bí a ti ń wọ̀n ọ́n nílé-ìwé, òun ni yóò gba owó tí ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn àjèjì. Àpapọ̀ ìmọ̀ méjèèjì ni mo ń wí. Ìyá nìkan kò tó. Ilé-ìwé nìkan kò tó.

Kí ni ṣíṣe? Mo ní ìmọ̀ràn márùn-ún.

Èkínní, àwa àáfà. Ọmọ ń wá sọ́dọ̀ wa, yóò ka Àlùkùránì parí, yóò wọ láwàní, a ó ṣe wọ̀límọ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì, kí ni yóò jẹ? Bí kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ilé olówó ni yóò máa yà kiri, a ó sì sọ ẹ̀sìn di agbè. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ sọ fún wa pé Òun ni Ó rọ irin fún Ànábì Dáúdà tí ó fi ń ṣe ẹ̀wù ogun, ànábì náà sì jẹ ọba. Kí ilé-kéwú kọ̀ọ̀kan ní Òkè-Ògùn so ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀gá iṣẹ́ kan. Kí a sì fi ìṣirò àti ìwé kíkà kún kéwú, kí ọmọ má baà jẹ́ ẹni tí wọn yóò máa rẹ́ jẹ nídìí iye owó.

Èkejì, ẹ̀yin ìjọ. Gbogbo Jímọ̀ ni a ń dá owó. A ti fi kọ́ mọ́sáláásí tí ó dára, Ọlọ́hun yóò san án fún wa. Ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irinṣẹ́ ọmọ tí ó bá gba fírídọ̀ọ̀mù. Ní ti sàká, àwọn onímọ̀ bí Imáàmù Nawawi ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ayé àtijọ́ pé tálákà tí ó bá mọ iṣẹ́, ohun tí yóò fi ra irinṣẹ́ rẹ̀ ni ó tọ́ kí a fún un, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tí a fún ní kóńgò àgbàdo yóò padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí a ra òfì fún lè di ẹni tí ń yọ sàká lọ́dún mẹ́ta òní.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọlọ́jà aláṣọ. Ẹ ó wá sọ́dọ̀ ahunṣọ, ẹ ó ná an títí èrè rẹ̀ yóò fi tán, ẹ ó sì ní kí ó parí ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dá àrà. Bí ọmọ kan bá gbé iṣẹ́ tuntun wá, ẹ fi owó lé iye rẹ̀, kí òmíràn lè fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì mú àwòrán rẹ̀ lọ fún ẹlẹ́rọ òkè òkun láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Olè ni, kò ní orúkọ méjì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé wa. A dúpẹ́ pé Polítẹ́kíníìkì Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, èyí tí ó ti jẹ́ ẹ̀ka ti Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ kí ó tó dá dúró ní 2014. A dúpẹ́ pé LAUTECH ní ẹ̀ka ní Ìsẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáde wá sábẹ́ àtíbàbà. Ẹ mú ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ wá kí ó jókòó ti ahunṣọ fún oṣù kan. Ẹ sì pe bàbá ahunṣọ wá sí kíláàsì yín, kí ẹ fún un ní àga, kí ẹ sanwó fún un bí ẹ ti ń san fún olùkọ́. Òun mọ ohun tí ó ń yọ iṣẹ́ lẹ́nu, ẹ̀yin mọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Bí ẹ kò bá pàdé, ìmọ̀ méjèèjì yóò kú sí ibi tí ó wà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin ìjọba. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ wà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Trade Test, láti ipò kẹta dé ipò kìíní. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní Òkè-Ògùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ lè ṣe ìdánwò náà nílé, ní èdè tí ó gbọ́. Kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì níyì tí yóò fi lè yá owó ní báńkì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Àáfà, bí mo bá kọ́ ọmọ ní gbogbo àṣírí, kò ní í di orogún mi lọ́jà?” Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, n kò ní í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó lo ogún ọdún kí ó tó mọ nǹkan, kò rọrùn fún un láti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni ó sọ Ìsẹ́yìn di ìlú tí gbogbo ayé ń wá ra aṣọ òkè? Ṣé ahunṣọ kan ṣoṣo ni? Ọ̀pọ̀ ahunṣọ ni. Bí ẹyọ ilé kan bá ku òun nìkan, oníbàárà wo ni yóò wọkọ̀ wá nítorí rẹ̀? Àṣírí tí a bá gbé wọ sàréè kì í ṣe tiwa mọ́, kì í sì í ṣe ti ọmọ wa.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ti obìnrin, tàbí pé òfì ọkùnrin ni eléyìí. Àwọn ìyá wa kò ha hun kíjìpá rí? Lónìí, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń jókòó ti òfì tí a ń pè ní ti ọkùnrin, iṣẹ́ wọn sì mọ́. Ọlọ́hun kò pín òye ní ìdajì.

Ní ti èmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé mi. Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọ tí mo sun igi rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mo tọrọ àforíjì, àti pé àyè rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì mi. N kò tíì gbọ́ èsì. Bí ó bá wá, n ó jókòó níwájú rẹ̀ kí ó kọ́ mi. Bí kò bá wá, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tí ó kù, mo sì ti sọ fún wọn ní ọjọ́ Àìkú pé láti òní lọ, ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò fi hàn mí kò gbọdọ̀ bẹ̀rù. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ti bi mí léèrè mẹ́ta. Méjì nínú rẹ̀ ni n kò mọ ìdáhùn.

Òfì mẹ́rin ni ó ṣófo ní àgbàlá bàbá yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí, ẹ lọ sí àgbàlá tiyín, ẹ ka èyí tí ó ṣófo níbẹ̀, kí ẹ sì wá ọmọ tí yóò jókòó tì í kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó fún àwọn ọ̀gá ní sùúrù, kí Ó fún àwọn ọmọ ní òye, kí Ó má jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn bàbá wa parẹ́ lójú wa. Àmín.